Ihò Abẹ́ Rédíò

“Má wá mọ́. Ó ti wọlé.”

Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọkọ mi nìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń sá aṣọ àwọn oníbàárà mi, pẹ́ẹ̀gì méjì wà lẹ́nu mi. Òun wà ní pálọ̀, lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti kọ́kọ́ pè mí pé kí n wá bá òun fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo fi imú dáhùn pé mò ń bọ̀. Kí n tó yọ pẹ́ẹ̀gì lẹ́nu, ó ti tún pè láti ojú fèrèsé pé kí n má wá mọ́, ó ti wọlé. Bó ṣe sọ ọ́, ẹ ó rò pé ọkọ̀ akẹ́rù ló fi ẹ̀yìn wọ ọgbà tóóró láìha ògiri. Mo rẹ́rìn-ín títí pẹ́ẹ̀gì kan fi já bọ́ sínú omi. Kò sì yẹ kí n má rẹ́rìn-ín. Látìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ abẹ́rẹ́, òwú ò tíì wọ ojú abẹ́rẹ́ fún un rí, àfi kí èmi, tàbí àbúrò mi, tàbí ẹni tó bá ṣèèṣì ń kọjá lójú ọ̀nà, bá a fi bọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tó gbé e dé ìdí abẹ́rẹ́.

Wẹ́dà ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú géètì àdúgbò wa, òun ló jó o. Bí a bá jọ ń lọ lọ́nà, kì í kí ènìyàn kó tó kí géètì. Á fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, á ní, “Ìwọ náà ṣì wà.” Ọwọ́ rẹ̀ tóbi kọjá bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi, bàbá mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni bàbá wá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ìka ṣì pé. Àpá iná wẹ́wẹ́ kún ọwọ́ náà láti ìka dé ìgúnpá. Ọ̀gá Iná ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Èmi ń pè é ní Bàbá wọn, òun náà ń pè mí ní Ìyá wọn. Àwọn “wọn” tí à ń wí ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ sílé ara wọn, wọ́n kàn gbàgbé láti mú orúkọ yẹn dání ni.

Èmi, alágbàfọ̀ ni mí. Aṣọ ni mo mọ̀. Bí ẹnì kan bá jẹun níta, mo lè wo kọ́là rẹ̀ kí n mọ ohun tó jẹ àti bóyá ó gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n fi òwú yàwòrán sára aṣọ, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ló mọ̀ ọ́n ṣe, kò sì ráyè kọ́ mi kó tó lọ.

Aṣọ orí tábìlì kan wà nílé wa tí ìyá mi fọwọ́ kóṣẹ́ sí. Ó fún mi nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ. Aṣọ funfun ni. Ó kó òdòdó kọ̀ọ̀kan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá kó ọ̀kan ńlá sí àárín, ewé márùn-ún ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ní, àwọ̀ rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí inú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ìkókó. Nínú gbogbo ohun tí ìyá mi fọwọ́ ṣe láyé, aṣọ yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ mi.

Ọdún tí a fẹ́ra, Bàbá wọn fẹ́ ṣe ọkọ rere. Mo jáde, ó ní kí òun bá mi lọ aṣọ díẹ̀ kí n tó dé. Ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí tábìlì, lórí aṣọ ìyá mi, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kí i láti ìta, ó lọ sójú fèrèsé láti dá a lóhùn. Ẹ mọ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń dá ara wọn lóhùn lójú fèrèsé. Nígbà tó fi máa yíjú padà, áyọ́ọ̀nù ti jó ṣẹ́ẹ̀tì, ó ti jó òdòdó àárín, ó ti wá ń bá tábìlì sọ̀rọ̀. Mo wọlé, mo bá ọkọ mi tó jókòó jẹ́ẹ́, ó gbé rédíò sí àárín tábìlì, ó gbọ́rùn sókè, ó ń gbọ́ ìròyìn. Rédíò náà, kò tan án.

Láti ọjọ́ náà ni rédíò ò ti kúrò lórí tábìlì mọ́. Ó kú, a ò gbé e kúrò. A ra tẹlifíṣọ̀n, a ò gbé e kúrò. Àlejò á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan rédíò yín ká gbọ́ nǹkan,” Bàbá wọn á ní, “Ó ń sinmi.” Bí mo bá fọ aṣọ náà, tí mo lọ̀ ọ́, tí mo tẹ́ ẹ, òun fúnra rẹ̀ ni á gbé rédíò padà sórí ihò, á sì tún sún un díẹ̀ sọ́tùn-ún bí ẹni tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Bí a bá jà, tí n kò bá rí ọ̀rọ̀ tó gún un dáadáa, màá kàn nawọ́ sí rédíò. Ìjà parí nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ lọ, dókítà ní ojú rẹ̀ ò gbọdọ̀ rí iná wẹ́dà mọ́, àti pé àyà rẹ̀ náà ń fẹ́ ìsinmi. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún àwọn tó kọ́ níṣẹ́, ó wá jókòó sílé. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ti jókòó sílé rí, ẹ bá mi dá sí i. Ó tún ìkòkò mi tò, ó ní bí mo ṣe tò ó tẹ́lẹ̀ ò ní ọgbọ́n nínú. Ó ká aṣọ àwọn oníbàárà, ó fi ṣòkòtò pásítọ̀ ránṣẹ́ sí ilé dẹ́rẹ́bà. Ó ní ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ń dún, ó tú u, ó tún un ṣe. Ìlẹ̀kùn náà ṣì ń dún, ó kàn pa ohùn dà ni.

Lọ́jọ́ kan ó ń nu eruku, mo bá a tó dúró nídìí tábìlì, ó há rédíò sí abíyá, ó ń wo ihò bí ẹni tó ń wo kànga.

Ó ní, “Ìyá wọn, ihò yìí ti dàgbà o.”

Mo ní, “Òun àti àkọ́bí wa, ẹgbẹ́ ni wọ́n.”

“Màá dí i.”

“Kí lẹ fẹ́ fi dí i? Páànù?”

“Òdòdó. Irú èyí tí mo jó gan-an. Màá kó o padà fún ẹ.”

Mo rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá lọ bá ìyá mi lọ́run, tí rédíò ṣì wà lórí tábìlì, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá máa bi òun nìyẹn, kò ní bi òun nípa ọmọ, kò ní bi òun nípa ilé. Ó ní òun ò ní èsì. Ó wá rọra gbé rédíò padà sáyè rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò ṣeré, àti pé látìgbà tí mo ti ń nawọ́ sí rédíò, ó ń wọ̀ ọ́ lára ju bí mo ṣe rò lọ.

Àbúrò mi obìnrin ló lọ bá. Àbúrò mi yìí ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé níṣẹ́ abẹ́rẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan èmi tí mo pọ̀n ọ́n. Kò ga, kì í rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́, “ọkọ mi” ló sì ń pe Bàbá wọn láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Bàbá wọn dúró níwájú rẹ̀, ó di fìlà mọ́ àyà bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba ọmọ òun sílé ìwé.

Tíṣà wo ọwọ́ rẹ̀. “Ọkọ mi, ṣé èyí lẹ fẹ́ fi di abẹ́rẹ́ mú, àbí ẹ ó lọ yá òmíràn?”

“Èyí náà ni. Òun ni mo fi di ẹ̀gbọ́n rẹ mú.”

“Ẹ̀gbọ́n mi tóbi ju abẹ́rẹ́ lọ.”

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tíṣà fún un ní aṣọ ìnujú funfun kan, ó ní kó gé òwú. Bàbá wọn fa òwú láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, ó ní òun ò fẹ́ máa dìde lọ gé òmíràn ní gbogbo ìgbà. Tíṣà ò bá a jiyàn. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò ó. Kò pẹ́ rárá tí òwú fi lọ́ mọ́ra, ó wé mọ́ ẹsẹ̀ àga, ó kọ́ bọ́tìnnì rẹ̀, ó di pé bó bá fa abẹ́rẹ́, kọ́là rẹ̀ ló ń mì.

Tíṣà wá ní, “Láti orí ìka dé ìgúnpá. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, òwú lọ̀gá, ẹ̀yin lọmọọṣẹ́.”

Ó tún fi hàn án pé òwú iṣẹ́ ọnà kì í ṣe ẹyọ kan. Tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà ló wé pọ̀, méjì péré ni kó yọ nínú rẹ̀, kó sì máa fà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà takókó. Ẹ wo ọkùnrin tó máa ń dá irin géètì gbé, tó jókòó tó ń wá orí òwú tí ò nípọn tó irun ìpéǹpéjú. Ó mí sí i lẹ́ẹ̀kan, òwú fò lọ.

Ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ ni ìjà gidi wà. Á fi itọ́ ra òwú, á di ojú kan, á na abẹ́rẹ́ sí ìmọ́lẹ̀. Òwú á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

“Mo rí i tó wọlé.”

“Ẹ̀yìnkùlé ló gbà, Bàbá wọn.”

Ọjọ́ kan inú bí i, ó lọ gbé awò dúdú tó fi ń jórin wá láti inú àpótí. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ láìwọ̀ ọ́. Ó wọ̀ ọ́, ó ní, “Abẹ́rẹ́ dà?” Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí i, kò rí òwú, kò rí èmi tí mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ẹ̀rín gbé mi jù sí.

Ohun tó bí Tíṣà nínú jù ni ọ̀nà tó fi ń rán an. Tíṣà ní kó máa tẹ̀ lé ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá wọn ò gbà. Ó ní bí o bá jó irin láti ibì kan lọ tààrà, á ká, pé ńṣe lèèyàn á kọ́kọ́ kán iná sí ibí díẹ̀, sí ọ̀hún díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè di ara rẹ̀ mú. Ó wá rán ẹyọ kan níbí, ó ta kókó, ó gé e. Ó rán ẹyọ kan lọ́hùn-ún, ó ta kókó, ó gé e. Nígbà tó fi parí, ńṣe ni aṣọ ìnujú náà dà bí ọmọ tí olóde mú.

Tíṣà kì í wo ojú aṣọ. Ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ó yí i padà.

“Kí nìyí?”

“Ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa wo ẹ̀yìn.”

“Èmi ń wò ó. Ọkọ mi, òwú kì í ká. Ẹ tú u.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Kókó yẹn, ẹ̀yin lẹ ta á. Ẹ tú u.”

Ẹ tú u. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ilé wa, kò jáde mọ́. Bí mo bá fi ṣúgà tó pọ̀ sínú tíì rẹ̀, á tì í padà sí mi, á ní, “Tú u.” Bí ó bá wọ ẹ̀wù sódì, èmi náà á ní, “Ẹ tú u.” Ó ní òun lá àlá lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé Tíṣà wá sídìí géètì ilé ìwé kan tí òun jó, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Òrùka onígi tí wọ́n fi ń na aṣọ kó lè dúró gan-an, Tíṣà yá a ní ọ̀kan. Bàbá wọn fún ìdè rẹ̀ bó ṣe ń fún nọ́ọ̀tì. Ó ṣẹ́. Kò tọrọ gáfárà. Ó wọ bàtà, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́, ó ní kí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ká irin méjì ní róbótó, ọ̀kan á wọ inú èkejì, wọ́n jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn létí. Ó gbé e wálé bí ẹni gbé táyà.

Tíṣà ní, “Ọkọ mi, ṣé ẹ fẹ́ kóṣẹ́ sí aṣọ ni, àbí ẹ fẹ́ fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mú un?”

“Tèmi ò ní ṣẹ́.”

Òótọ́ ló sọ, kò ṣẹ́. Ó kàn wúwo débi pé orí itan ló ń gbé e lé. Ibẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tí Kápẹ́ńtà yà wá. Òun àti Kápẹ́ńtà ti jọ ta dírááfù láti ìgbà èwe, kò sì tíì sọ fún un pé òun ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Bó ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìwé ìròyìn bo itan, ó dìde láti kí i. Ìwé ìròyìn bọ́ sílẹ̀. Irin ò bọ́. Ó ti rán aṣọ náà mọ́ ṣòkòtò.

Kápẹ́ńtà wò ó sókè, ó wò ó sílẹ̀. “Ọ̀gá Iná, kí ló so mọ́ ẹ nítan?”

“Irin ni.”

“Mo rí irin. Òdòdó tó wà láàárín irin ńkọ́?”

“Ọ̀rọ̀ ìdílé ni.”

Kápẹ́ńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí n fún òun lómi. Nígbà tó gbọ́ ìdí rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Ṣé ihò ọjọ́ yẹn? Èmi mà ni mo kí ẹ lójú fèrèsé.” Àwọn méjèèjì wo rédíò. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá jókòó tì í, á ní òun wá ta dírááfù, á wá jókòó máa ka ewé òdòdó.

Ó kọ́ ọ, ẹ má rò pé kò kọ́ ọ. Ó kọ́ rírán tí ń lọ tí ń bọ̀. Ó fẹ́ràn èyí tó dà bí ṣẹ́ẹ̀nì, ó ní iṣẹ́ òun ni, pé òun ti ṣe ṣẹ́ẹ̀nì tó so ajá mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ́ èyí tó ṣòro, tí òwú á máa sùn ti ara wọn láìsí àlàfo títí wọ́n á fi kún inú ewé. Ó wá kó òdòdó kan sára aṣọ ìnujú, ewé márùn-ún, tí kò sí ẹni tó wò ó tí ò mọ̀ pé òdòdó ni. Tíṣà ní kó fi omi fọ ìlà pẹ́ńsùlù kúrò lára rẹ̀, pé òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́la.

Ẹ̀rù bà á pé bí òun bá tú aṣọ náà nínú òrùka, á ká. Ó rẹ aṣọ àti irin pọ̀ sínú omi, ó fi wọ́n sílẹ̀ di àárọ̀.

Mo jí, mo yọ ọ́ jáde. Òrùka aláwọ̀ ilẹ̀ yí òdòdó náà ká.

Mo ní, “Bàbá wọn, ó dípẹtà.”

“Aṣọ kọ́ ni? Aṣọ kì í dípẹtà.”

“Tiyín dípẹtà.”

Ó jókòó, ó gbé e lé orúnkún, ó ń wò ó. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ á mú un kúrò nínú oòrùn, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó sì kúrò, ó ku fírífírí. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ èyí tí mò ń wí. Ó ní, “Bó bá jẹ́ ti ìyá rẹ ńkọ́?” Ó dìde, ó sún rédíò díẹ̀ sọ́tùn-ún.

Ẹ̀rù aṣọ ìyá mi wá bà á. Kápẹ́ńtà gbẹ́ òrùka onígi fún un, ó nípọn, ó dán, ó ní bí ó bá ṣẹ́ èyí, kó wá ṣẹ́ òun náà. Bàbá wọn fi òrùka yẹn kóṣẹ́ sí gbogbo ohun tó wà nílé àfi èyí tó yẹ kó kó o sí. Ó kó òdòdó sí aṣọ ìrọ̀rí. Ó kó o sí aṣọ fèrèsé. Ó kó o sí aṣọ ìnuwọ́, sí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, sí àkísà tí mo fi ń gbé ìkòkò. Ẹ̀wù lọ́yà kan wà lọ́dọ̀ mi fún fífọ̀, lọ́yà padà wá, ó fà á létí hàn mí, òdòdó kékeré kan wà nínú lọ́hùn-ún níbi tó máa ń ki bọ ṣòkòtò. Mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí màá bẹ̀. Lọ́yà ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá a lè bá òun fi sí àwọn tó kù.

Mo ní, “Bàbá wọn, gbogbo aṣọ ilé yìí ló ti yọ òdòdó tán, ó ku èyí tí a torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.”

“Ọwọ́ mi ò tíì gún.”

“Ìgbà wo ló máa gún?”

“Tíṣà ló máa sọ.”

Tíṣà wá. Ó bọ́ aṣọ ìrọ̀rí mi kúrò lára ìrọ̀rí, ó yí i padà, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ó wò ó títí. Bàbá wọn dúró, ó di fìlà mọ́ àyà. Kápẹ́ńtà tó yẹ kó ta dírááfù gbàgbé ọmọ dírááfù sọ́wọ́. Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi aṣọ ìrọ̀rí náà nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

Ó ní, “Ẹ gbé rédíò kúrò.”

Òun ni gbogbo ìyìn tó yìn ín. Bàbá wọn fúnra rẹ̀ ló gbé rédíò lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù inú yàrá. Bó ṣe ń gbé e lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ dáadáa.

A ò lè kóṣẹ́ sórí ihò, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo wá inú àpò àkísà mi, mo rí èyí tó ṣẹ́kù lára ṣẹ́ẹ̀tì tó jóná lọ́jọ́ náà. Alágbàfọ̀ kì í da nǹkan nù. A gé e, Tíṣà fi hàn án bó ṣe máa rán an mọ́ abẹ́, ó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ da òdòdó igun kọ, ó fi pẹ́ńsùlù yà á sí àárín ní títóbi. Èmi ni mo ṣa àwọ̀ òwú, nítorí iná wẹ́dà ti gba pupa àti pupa fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lójú rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ fún un.

Ó wá bẹ̀rẹ̀. N kò rí i kó rọra ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Bí ewé kan ò bá wù ú, á tú u fúnra rẹ̀, kì í dúró de Tíṣà. Kò gbà kí n jókòó sí tòsí, ó ní èémí mi wúwo. Ṣùgbọ́n bí òwú bá tán lójú abẹ́rẹ́, èémí mi á fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, á ní, “Ìyá wọn dà?” Ewé kan kún. Èkejì kún. Ó kó ẹ̀kẹta, ó pè mí kí n wá wò ó, ó ní kí n wo ti ìyá mi ní igun, kí n wo tòun, kí n sọ òótọ́.

Mo ní, “Ti ìyá mi dára jù.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀.”

Ọ̀sán ọjọ́ tí mo ń sọ nípa rẹ̀, ewé kẹrin ti kún. Òwú tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìkarùn-ún ló ní kí n wá bá òun fi bọ abẹ́rẹ́, òun ló wá ní kí n má wá mọ́.

Mo sá aṣọ tán. Mo ti to àwàdà sílẹ̀ lẹ́nu. Mo wọlé, mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n rí ohun tó wọlé.” Ó fi orí ti ẹ̀yìn àga, awò wà lójú rẹ̀, òrùka Kápẹ́ńtà wà lórí itan rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà láàárín ìka rẹ̀ méjì. Mo tẹ̀ ba, mo wò ó. Òwú wà lójú abẹ́rẹ́ lóòótọ́, ó gba ibi tó yẹ kó gbà. Lẹ́yìn tí mo rí i ni mo tó wo ojú rẹ̀.

Àyà rẹ̀ ni. Dókítà ní kò dun ún. Mo gbà á gbọ́, nítorí mo rí bó ṣe di abẹ́rẹ́ mú, kò fún un.

Nígbà tí a sin ín, tí èrò ti lọ tán, tí àwọn ọmọ ti padà sílé wọn, Kápẹ́ńtà ní òun á ṣe férémù onídígí, kí a gbé aṣọ náà kọ́ ògiri. Mo ní aṣọ orí tábìlì ni, kò wá ibẹ̀ wá. Tíṣà ní kí òun jókòó kí òun bá a kó ewé tó kù, pé kò ní gba òun ju ìjókòó kan lọ. Mo ní ewé tó dára ju ti ọkọ mi lọ kò gbọdọ̀ wà lára òdòdó yẹn. Tíṣà wò mí.

“Ta ló wá fẹ́ kó o?”

“Kọ́ mi.”

Ó mú aṣọ ìnujú funfun kan jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ní kí n gé òwú. Mo fà á láti ẹnu ọ̀nà. Tíṣà ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìgúnpá.” Kápẹ́ńtà tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé bojú wo ìta, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìdí aṣọ ìnujú yẹn ni mo ṣì wà. Ìlà tí mo rán ń lọ síbi tó bá wù ú. Tíṣà yí i padà lánàá, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí n tú u, mo sì ti tú u.

Aṣọ ìyá mi wà lórí tábìlì. Rédíò wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Abẹ́rẹ́ wà létí òdòdó àárín níbi tí mo fi gún aṣọ, pẹ̀lú òwú tó fi bọ̀ ọ́. Ewé mẹ́rin ló kún. Ìkarùn-ún, ìlà pẹ́ńsùlù nìkan ló wà níbẹ̀.